Ìrìnàjò sí Orísun Ìró Gìtá Jimi Hendrix ní Lọ́ńdọ̀nù

Ìró gìtá Jimi Hendrix kò ti inú gìtá nìkan jáde. Ohun tí etí ń gbọ́ nínú àwo orin rẹ̀ jẹ́ àpapọ̀ iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí wáyà so mọ́ ara wọn: gìtá tó gbé kọ́rùn, àwọn pẹ́dàlì tó ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀, áńpìlìfáyà tó ga ju èèyàn lọ lẹ́yìn rẹ̀, àti ẹ̀rọ inú sítúdíò tó gba ohùn náà sílẹ̀. Ọmọ Amẹ́ríkà ni Hendrix. Ìlú Seattle ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ 27 oṣù kọkànlá ọdún 1942. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn irinṣẹ́ tó fi dá ohùn tí ayé mọ̀ ọ́n mọ́, Lọ́ńdọ̀nù àti agbègbè rẹ̀ ni wọ́n ti ṣe wọ́n láàárín ọdún mélòó kan péré, ní àwọn ibi tí ẹni tó bá ní ìwé ọkọ̀ ojú irin àti bàtà tó tẹ́ ẹ lẹ́sẹ̀ lọ́rùn lè yí ká lónìí.

Chas Chandler, tó ń ta gìtá béèsì nínú ẹgbẹ́ The Animals, ló rí i níbi tó ti ń ṣeré ní Cafe Wha? ní New York ní ọdún 1966, òun ló sì mú un wá. Ọjọ́ 24 oṣù kẹsàn-án ọdún náà ló balẹ̀ sí pápákọ̀ òfurufú Heathrow. Kó tó dìgbà náà, ó ti ta gìtá lẹ́yìn Little Richard àti The Isley Brothers, níbi tí onígìtá kò ti gbọdọ̀ bo ọ̀gá mọ́lẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ti yá gan-an kó tó wọ bàálù. Kò sí áńpìlìfáyà kankan tó kọ́ ọ ní gìtá. Ohun tí Lọ́ńdọ̀nù fún un ni ohùn.

Ohun kan wà tó yẹ kí arìnrìnàjò fi sọ́kàn kó tó gbéra. Àwọn ẹnjiníà tó ń ṣe áńpìlìfáyà láyé ìgbà yẹn kò fẹ́ kí ohùn fọ́. Bí ohùn bá ti ń han, bó bá ti ń fọ́, àbùkù ni lójú wọn, wọ́n sì ń sa gbogbo ipá wọn láti lé e jáde. Àwọn onígìtá ni wọ́n rí ẹwà nínú àbùkù náà. Etí Yorùbá kò ní í rí èyí bí àjèjì: ariwo wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ tí ṣaworo ń pa létí ìyáàlù kò sí lára ọ̀rọ̀ tí ìlù náà ń sọ, síbẹ̀ bí wọ́n bá tú u kúrò, ìró ìlù á gbẹ, gbogbo èèyàn á sì mọ̀ pé nǹkan kan ti dín. Ìtàn ìró Hendrix jẹ́ ìtàn bí irú ariwo bẹ́ẹ̀ ṣe di ohùn gidi lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n lò.

Hanwell ni ìrìnàjò náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìwọ̀ oòrùn Lọ́ńdọ̀nù ló wà, ọkọ̀ ojú irin ọ̀nà Elizabeth sì ń dúró níbẹ̀. Láti ibùdókọ̀, ẹsẹ̀ ni èèyàn á fi rìn dé Uxbridge Road, títì gígùn kan tí ọkọ̀ akérò pupa kì í dá lórí rẹ̀. Ilé tó ń jẹ́ nọ́ńbà 76 kò yàtọ̀ sí àwọn ṣọ́ọ̀bù kéékèèké tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹni tí kò bá mọ ohun tó ń wá á kàn kọjá lọ ni. Àmì ìrántí kan wà níbẹ̀ fún Jim Marshall, ẹni tó ṣí ṣọ́ọ̀bù ohun èlò orin síbẹ̀ ní oṣù keje ọdún 1960.

Onílù ni Marshall, kò kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà. Ọdún 1923 ni wọ́n bí i. Ikọ́ ẹ̀gbẹ tó wọ inú eegun rẹ̀ mú kí wọ́n fi símẹ́ńtì funfun tí àwọn dókítà fi ń di eegun dì í fún ọ̀pọ̀ ọdún nígbà èwe rẹ̀, kò sì fi bẹ́ẹ̀ ráyè jókòó sí ilé ìwé. Nígbà tó dàgbà, ó di akọrin àti onílù, ó sì ń gba owó kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ìlù lílù títí tí owó náà fi tó ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ìlù ló kọ́kọ́ ń tà. Àwọn onílù tó ń kọ́ ló mú àwọn onígìtá ẹlẹgbẹ́ wọn wá, àwọn wọ̀nyí náà ló sì bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn sí i létí: ohùn áńpìlìfáyà Fender tó ń ti Amẹ́ríkà bọ̀ ni àwọn ń fẹ́, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kọjá agbára àwọn. Pete Townshend, Ritchie Blackmore àti Big Jim Sullivan wà lára àwọn tó ń ráhùn náà, bẹ́ẹ̀ ayé kò tíì mọ̀ wọ́n nígbà yẹn.

Marshall kò mọ iṣẹ́ iná, ṣùgbọ́n ó mọ àwọn tó mọ̀ ọ́n. Ken Bran ló ń tún ẹ̀rọ ṣe fún un. Dudley Craven, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń kọ́ṣẹ́ ní iléeṣẹ́ EMI, dara pọ̀ mọ́ wọn. Wọ́n tú áńpìlìfáyà Fender tí wọ́n ń pè ní Bassman wò, wọ́n kọ́ bí wọ́n ṣe to inú rẹ̀, wọ́n sì fi ohun tí ọwọ́ wọn tó ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe tiwọn. Èyí àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 1962. JTM45 ni wọ́n sọ ọ́: J dúró fún Jim, T fún Terry ọmọ rẹ̀, M fún Marshall.

Bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n wo ti Fender ṣe é ni, ohùn rẹ̀ kò jọ ti Fender, ìdí rẹ̀ sì hàn kedere bí èèyàn bá fi méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Sípíkà mẹ́rin oníwọ̀n ínṣì 10 ni Fender fi sínú àpótí tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Marshall fi mẹ́rin oníwọ̀n ínṣì 12, iṣẹ́ ọwọ́ iléeṣẹ́ Celestion ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sínú àpótí tí wọ́n dí pa, nítorí sípíkà kan tàbí méjì kò lè gba agbára áńpìlìfáyà náà láìya. Àpótí tó dí yìí ló mú kí ìsàlẹ̀ ohùn náà máa kù rìrì. Fáàfù tí wọ́n lò náà yí padà bí ọdún ti ń yí: KT66 ló gbòde ní ìbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n bọ́ sórí EL34, èyí tó máa ń tètè fọ́, tí ìró rẹ̀ sì mú ju ti ìṣáájú lọ.

Fáàfù yìí ni ọkàn gbogbo ọ̀rọ̀. Ìgò kékeré ni, tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Irin tín-ín-rín kan wà láàárín rẹ̀ tó ń gbóná títí tó fi ń pọ́n yòò bí wọ́n bá tan ẹ̀rọ. Ooru náà ló ń jẹ́ kí iná fò láti ẹ̀gbẹ́ kan ìgò sí èkejì. Ìró tó wọlé láti ara gìtá kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n òun ló ń darí bí iná ńlá tó wà nínú ìgò ṣe ń ṣàn, báyìí sì ni ìró kékeré ṣe ń di ńlá. Iná tí fáàfù lè gbé ní òpin. Bí wọ́n bá tì í kọjá òpin náà, orí ìgbì ohùn á bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́, díẹ̀díẹ̀, láìgé lójijì. Etí ń gbọ́ títẹ́ yẹn gẹ́gẹ́ bí ohùn tó nípọn, tó pẹ́ kó tó kú, tí ìró míì tó ga jù ú lọ sì fara pamọ́ sínú rẹ̀. Ìdí nìyí tí Hendrix fi máa ń yí bọ́tìnnì áńpìlìfáyà rẹ̀ títí dé òpin. Ariwo tó ń ti ibẹ̀ jáde pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n fáàfù tó ti dé góńgó ló ń wá.

Townshend ló fa títóbi áńpìlìfáyà Marshall. Ní ọdún 1965, ó bẹ Marshall fún áńpìlìfáyà tí ariwo èrò kò ní í bò mọ́lẹ̀, wọ́n sì ṣe oníwáàtì 100 fún un. Ó ní kí wọ́n kó sípíkà mẹ́jọ sínú àpótí kan ṣoṣo. Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀, àwọn tó ń ru ẹrù fún ẹgbẹ́ rẹ̀, The Who, kò sì lè gbé e. Ni wọ́n bá là á sí méjì, wọ́n to ọ̀kan lé èkejì, wọ́n wá gbé áńpìlìfáyà fúnra rẹ̀ ka orí rẹ̀. Ògiri dúdú tí gbogbo onírọ́ọ̀kì ń dúró síwájú rẹ̀ títí di òní, ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀.

Mitch Mitchell, onílù tí Hendrix gbà sẹ́gbẹ́ rẹ̀, ti ṣiṣẹ́ rí ní ṣọ́ọ̀bù Marshall nígbà tó wà lọ́mọdé, ọ̀dọ̀ Marshall ló sì ti kọ́ nínú iṣẹ́ ìlù. Òun ló mú ọ̀gá rẹ̀ tuntun lọ bá ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́. James Marshall Hendrix ni orúkọ tí bàbá onígìtá náà sọ ọ́. James Charles Marshall ni onílé ìtajà. Marshall sọ nígbà tó dàgbà pé òun kọ́kọ́ rò pé ọ̀dọ́ míì tó fẹ́ gba ẹ̀rọ lọ́fẹ̀ẹ́ ló dé, ṣùgbọ́n Hendrix sọ fún un pé òun máa san owó pé, kí wọ́n ṣáà rí i pé ẹni tó lè tún un ṣe wà nítòsí níbikíbi tí òun bá ti ń ṣeré. Ó san án lóòótọ́. Bí ẹ̀rọ náà ṣe wà lẹ́yìn rẹ̀ káàkiri Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, kò sí ìpolówó ọjà tó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ibùdókọ̀ kan péré ló wà láàárín Hanwell àti Ealing Broadway, níbi tí Alexis Korner àti Cyril Davies ti ṣí ẹgbẹ́ olórin búlúùsì sí àjà ilẹ̀ kan ní oṣù kẹta ọdún 1962. Ibẹ̀ ni Mick Jagger àti Keith Richards ti The Rolling Stones ti pàdé Brian Jones. Ẹni tó bá dúró níwájú rẹ̀ á lóye ìdí tí ṣọ́ọ̀bù onílù kan ní Hanwell fi rí oníbàárà tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀: àwọn tó nílò ariwo kò jìnnà sí i.

Ọkọ̀ ojú irin kan náà ló ń gbé èèyàn láti Ealing lọ sí Tottenham Court Road láàárín ìlú. Denmark Street wà nítòsí ibẹ̀, òpópónà kúkúrú kan tí èèyàn lè là kọjá kó tó sinmi ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn tó ń tẹ ìwé orin jáde kóra jọ sí látijọ́. Ní nọ́ńbà 4, Regent Sound, The Rolling Stones gba àwo ńlá wọn àkọ́kọ́ sílẹ̀ ní ọdún 1964. Gìtá ni wọ́n ń tà níbẹ̀ báyìí. Ilé gíga onídígí àti ojú ẹ̀rọ tó ń tàn yanran ti ká òpópónà náà mọ́, ṣùgbọ́n gìtá ṣì wà lójú fèrèsé àwọn ṣọ́ọ̀bù tó kù. Agbègbè yìí ni ìtàn fuzz ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìró gìtá tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fọ́, rọ̀ mọ́ jù.

Àṣìṣe ni fuzz nígbà tó kọ́kọ́ wáyé. Ní Nashville ní Amẹ́ríkà, ẹ̀rọ kan tó bàjẹ́ nínú sítúdíò mú kí gìtá Grady Martin máa kùn nínú orin Marty Robbins kan tó jáde ní ọdún 1961. Wọn kò yọ ọ́ kúrò. Ní ọdún 1962, àpótí kékeré Maestro FZ-1 tó ń mọ̀ọ́mọ̀ pa irú ariwo bẹ́ẹ̀ dé ọjà, kò sì fi bẹ́ẹ̀ tà títí Keith Richards fi lò ó ní ọdún 1965. Ọdún yẹn náà ni Gary Hurst ṣe pẹ́dàlì fuzz tó ń jẹ́ Tone Bender ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí Hendrix fi máa dé, Ivor Arbiter, tó ní ṣọ́ọ̀bù Sound City ní sàkáání Shaftesbury Avenue, ti fẹ́ gbé tirẹ̀ jáde. Arbiter yìí kan náà ló ní Drum City, níbi tí wọ́n ti ya orúkọ The Beatles tó ní T gígùn sójú ìlù Ringo Starr ní ọdún 1963.

Fuzz Face ni Arbiter sọ pẹ́dàlì rẹ̀. Ó rí roboto, nítorí ìsàlẹ̀ irin tí wọ́n ń fi gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn dúró ló wò ṣe é. Bọ́tìnnì méjì dúró fún ojú, orúkọ tí wọ́n kọ sábẹ́ wọn dúró fún ẹnu tó ń rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá tú ìdí rẹ̀ á yà nítorí bí ohun inú rẹ̀ ṣe kéré tó: tìràńsísítọ̀ méjì, ẹ̀yà kéékèèké méje míì tó ń dá iná dúró tàbí tó ń tọ́jú rẹ̀, bátìrì oní-fóltì 9 kan. Ó tán. Germanium ni wọ́n fi ṣe tìràńsísítọ̀ àwọn ti ìbẹ̀rẹ̀, èròjà tí ooru máa ń dà láàmú. Pẹ́dàlì tó dún dáadáa nínú yàrá tútù lè yí ohùn padà lábẹ́ iná orí ìtàgé. Kò sì sí méjì tó dún bákan náà. Àwọn onígìtá ní láti gbìyànjú púpọ̀ kí wọ́n tó mú ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ni silicon rọ́pò rẹ̀, ìró náà sì le sí i, ó mú sí i.

Ohun tí Hendrix rí nínú Fuzz Face ju ariwo lọ. Bí wọ́n bá so pẹ́dàlì yìí mọ́ gìtá ní tààrà, tí onígìtá wá dín bọ́tìnnì ohùn ara gìtá rẹ̀ kù díẹ̀, fífọ́ náà á pa rẹ́, ohùn tó mọ́ tó sì ń dán bí idẹ á kù. Ìyẹn ni pé ìka kékeré kan lórí bọ́tìnnì ló ń mú un kúrò nínú ìpariwo bọ́ sínú ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ láàárín ìlà orin kan ṣoṣo, láìfi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn tó ra Fuzz Face lẹ́yìn rẹ̀ kò kọ́ èyí. Wọ́n tẹ pẹ́dàlì, wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n wá ń bi ara wọn léèrè ibi tí ohùn Hendrix wà.

Láti Shaftesbury Avenue, ìrìn díẹ̀ gba Soho kọjá ló kù kí èèyàn dé Kingly Street, níbi tí ilé ìgbafẹ́ alẹ́ Bag O'Nails wà. Kò yẹ kí ọmọ Yorùbá gba Soho kọjá láìrántí Ambrose Campbell, ọmọ Èkó, tí òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀, West African Rhythm Brothers, ti ń fi gìtá àti ìlù ilẹ̀ wa dá àwọn ará Soho lára yá ní àwọn ọdún 1950, kí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ tó gbọ́ orúkọ Hendrix.

Ní Bag O'Nails, ní oṣù kìíní ọdún 1967, Roger Mayer wá pàdé Hendrix. Iṣẹ́ ìjọba ni Mayer ń ṣe, ní ilé ìwádìí àwọn ọmọ ogun ojú omi ní Teddington, níbi tí wọ́n ti ń ṣèwádìí nípa ìró àti ìgbọ̀nrìrì. Lẹ́yìn iṣẹ́, ó ń kan àpótí fún àwọn onígìtá ọ̀rẹ́ rẹ̀. Octavia ni èyí tó gbé wá fún Hendrix. Ìró gìtá jẹ́ ìgbì tó ń lọ sókè, tó sì ń bọ̀ nísàlẹ̀. Octavia ń mú apá ìsàlẹ̀ yẹn, ó ń yí i dojú sókè, bẹ́ẹ̀ ìgbì tó ti yẹ kó gòkè lẹ́ẹ̀kan á gòkè lẹ́ẹ̀mejì láàárín àkókò kan náà. Ohun tí etí á gbọ́ ni ohùn kan náà tó fi ìwọ̀n ọ́kítéèfù kan ga sí i, tó sì rọ̀ mọ́ ohùn ti tẹ́lẹ̀. Ó máa ń dára jù lọ bí ìka bá ti sún mọ́ ibi tí ọrùn gìtá ti pàdé ara rẹ̀. Nínú gbogbo ẹ̀rọ tí ìrìnàjò yìí kàn, èyí ló jẹ́ ti Hendrix jù, torí ọ̀rọ̀ tó wà láàárín òun àti ẹni tó ṣe é ló ń tún un ṣe láti ìgbà dé ìgbà.

Wah-wah kò pẹ́ẹ́ sọ. Orúkọ Vox ló wà lára rẹ̀, Vox sì jẹ́ iléeṣẹ́ tí Tom Jennings dá sílẹ̀ ní Dartford, lẹ́bàá Lọ́ńdọ̀nù, ṣùgbọ́n Kalifọ́níà ni Brad Plunkett ti ṣe wah-wah ní ọdún 1966, ní iléeṣẹ́ Thomas Organ tó ń bá Vox da òwò pọ̀. Bí ẹsẹ̀ bá ti ń tẹ̀ ẹ́ síwájú, tó ń dá a padà sẹ́yìn, apá kan nínú ohùn ló ń yọrí, tó ń gun òkè, tó ń sọ̀ kalẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹnu ṣe ń ṣí tó ń pa dé. Hendrix lò ó nínú "Burning of the Midnight Lamp" ní ọdún 1967. Ní ìbẹ̀rẹ̀ "Voodoo Child (Slight Return)", ó fi ọwọ́ pa okùn gìtá mú, ó sì ń fi ẹsẹ̀ tẹ pẹ́dàlì náà títí tí ó fi di ìlù.

Láti dé sítúdíò Olympic ní Barnes, ọ̀nà tó dára jù ni kí arìnrìnàjò sọ̀ kalẹ̀ ní Hammersmith, kó sì fi ẹsẹ̀ gba orí afárá kọjá odò Thames. Láti oṣù kẹrin ọdún 2019 ni wọn kò ti jẹ́ kí mọ́tò gba afárá Hammersmith mọ́, nítorí pé irin rẹ̀ sán. Ẹlẹ́sẹ̀ ló ń jẹ̀gbádùn rẹ̀ báyìí, ìparọ́rọ́ sì wà lórí omi débi pé èèyàn lè gbọ́ àjẹ̀ àwọn tó ń wa ọkọ̀ ojú omi lábẹ́ ẹ̀. Ní Church Road, nọ́ńbà 117, ilé bíríkì tí wọ́n kọ́ fún eré ìtàgé ní ọdún 1906 ṣì dúró. Sítúdíò ni láti àwọn ọdún 1960 títí di 2009. Láti ọdún 2013, sinimá àti ilé oúnjẹ ló wà nínú rẹ̀.

"Purple Haze" kò bẹ̀rẹ̀ níbí. Sítúdíò De Lane Lea ní Kingsway ni wọ́n ti gba ìpìlẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ní ọjọ́ 11 oṣù kìíní ọdún 1967. Ní oṣù kejì ni wọ́n kó o wá sí Olympic, níbi tí Eddie Kramer, ẹnjiníà tí wọ́n bí ní South Africa, ti ń dúró dè wọ́n. Ibẹ̀ ni Octavia ti wọ inú orin náà, àti inú "Fire", nígbà tí gìtá nìkan gba ọ̀rọ̀ sọ. Tépù tí wọ́n ń lò kò gbà ju ìlà ohùn mẹ́rin lọ. Bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá ti kún, Kramer á rọ wọ́n pọ̀ sórí ìlà díẹ̀ lórí tépù mìíràn kí àyè lè ṣí fún tuntun. Chandler ló ń san owó sítúdíò, kò sì fẹ́ ìfàgùn. Ó yẹ kí ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà gba orin sílẹ̀ lónìí gbọ́ àwo àkọ́kọ́ Hendrix, *Are You Experienced*, lẹ́ẹ̀kan sí i pẹ̀lú èyí lọ́kàn.

Kì í ṣe gbogbo ohun tó wà nínú àwo ló ti inú pẹ́dàlì wá. Nínú àwo kejì, *Axis: Bold as Love*, tó jáde ní oṣù kejìlá ọdún 1967, ìró tó ń yí po nínú orin tó gbé orúkọ àwo náà jẹ́ iṣẹ́ tépù méjì tí wọ́n tàn pọ̀, tí ọ̀kan sì ń fi díẹ̀ kù sẹ́yìn èkejì. Nínú "Little Wing", wọ́n fi gìtá gba inú sípíkà kan tó ń yí kọjá, irú èyí tí àwọn aládùúrà ń gbọ́ lára ògán Hammond. Ó dùn mọ́ Hendrix, ṣùgbọ́n irú sípíkà bẹ́ẹ̀ wúwo, kò ṣeé gbé káàkiri.

Japáàn ni ìdáhùn ti wá. Fumio Mieda ti iléeṣẹ́ Shin-ei ṣe àpótí kan tí wọ́n tà sí òkè òkun ní orúkọ Uni-Vibe, tó ń ṣe bí ẹni pé sípíkà ń yí nígbà tí ohunkóhun kò yí níbẹ̀. Àárín rẹ̀ ni gílóòbù kékeré kan wà, èyí tó ń tàn tó ń rẹ̀ ní ìwọ̀nba. Ẹ̀yà mẹ́rin tó ń mọ ìmọ́lẹ̀ lára sì yí i ká. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ti ń pọ̀ tó sì ń dín, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á máa fa apá kan nínú ohùn sẹ́yìn, wọ́n á sì máa tì í síwájú. Ẹni tó bá ṣí ìdérí rẹ̀ nínú òkùnkùn á rí ohùn gìtá bó ṣe ń mí. Hendrix gbé e lọ sí Woodstock ní oṣù kẹjọ ọdún 1969. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1970, ní Fillmore East ní New York, ó lo òun, Fuzz Face, Octavia àti wah-wah pọ̀ nínú "Machine Gun". Orin yẹn ni ibi tí gbogbo ẹ̀rọ wọ̀nyí ti pàdé, kò sì sí èyí tó dára jù ú lọ láti fi mọ ohun tí wọ́n lè ṣe.

Ó ku gìtá fúnra rẹ̀ àti wáyà. Fender Stratocaster ni, èyí tí wọ́n ṣe fún ọlọ́wọ́ ọ̀tún. Ọlọ́wọ́ òsì ni Hendrix, ó dojú gìtá dé, ó sì tún okùn rẹ̀ tò. Nítorí èyí, irin tó ń gba ìró okùn nítòsí afárá gìtá dagun sí òdìkejì: okùn tó nípọn ń dún pẹ̀lú ìdán ju bó ṣe yẹ lọ, okùn tín-ín-rín sì rọ̀ díẹ̀. Wáyà tó ń lò gùn, ó sì lọ́ mọ́ ara rẹ̀ bíi ti tẹlifóònù àtijọ́. Gígùn yẹn ń jẹ díẹ̀ nínú ohùn tó mú jù kó tó dé áńpìlìfáyà, ìyẹn sì ni kò jẹ́ kí Marshall tí wọ́n yí dé òpin gún etí. Bí gìtá bá sún mọ́ sípíkà, ariwo náà á tún gbọn okùn rẹ̀, ìró okùn náà á tún padà wọ inú áńpìlìfáyà, ohùn kò sì ní í kú mọ́. Ibi tí Hendrix bá gbé ẹsẹ̀ sí lórí ìtàgé jẹ́ ara orin rẹ̀.

Ibùdó tó kẹ́yìn wà ní Mayfair, ìrìn ìṣẹ́jú díẹ̀ sí ibùdókọ̀ Bond Street. Ní 23 Brook Street ni Hendrix àti Kathy Etchingham gbé láti ọdún 1968 di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1969, ní òkè ilé kan tí owó rẹ̀ jẹ́ pọ́n-ùn 30 lọ́sẹ̀. Ilé kejì, nọ́ńbà 25, ni George Frideric Handel gbé láti ọdún 1723 títí tó fi kú ní 1759. Nígbà tí Hendrix gbọ́, ó lọ ra àwo orin Handel. Mùsíọ́ọ̀mù kan ṣoṣo ló wà fún àwọn méjèèjì báyìí, wọ́n sì ti tún yàrá Hendrix ṣe bó ṣe rí nígbà náà, pẹ̀lú bẹ́ẹ̀dì, kọ́tìnnì àti kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Gìtá Epiphone tí kò nílò iná tó fi ń dán orin wò nílé náà wà níbẹ̀. Ibẹ̀ ni ìrìnàjò yìí ti ń fi hàn pé ọwọ́ ló ṣáájú: ó ti mọ ohun tó fẹ́ gbọ́ kó tó fi ẹsẹ̀ kan pẹ́dàlì kankan.

Ọjọ́ 18 oṣù kẹsàn-án ọdún 1970 ni Hendrix kú ní Lọ́ńdọ̀nù, nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́fà kó pé ọdún mẹ́rin tó kọ́kọ́ dé ìlú náà. Ẹni ọdún 27 ni. Marshall kó kúrò ní Hanwell tipẹ́; Bletchley, níta Lọ́ńdọ̀nù ní ìhà àríwá, ni iléeṣẹ́ rẹ̀ fìdí kalẹ̀ sí láti àwọn ọdún 1960. Fuzz Face, wah-wah Vox àti Octavia ṣì ń jáde lónìí, àwọn ti ayé àtijọ́ sì ti di ohun tí apá olówó nìkan ń ká.

Ẹni tó bá fẹ́ rin ọ̀nà yìí, kó fi òwúrọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Hanwell, kó fi Brook Street ṣe ìkẹyìn, kó sì wádìí ọjọ́ tí mùsíọ́ọ̀mù ń ṣílẹ̀kùn kó tó kúrò nílé, torí kì í ṣe ojoojúmọ́. Kó má sì gbàgbé ẹ̀rọ ìgbọ́rin alágbèékọ́tí, tó gbé ohùn yọ dáadáa, fún "Machine Gun" lójú ọ̀nà.